Ijó Tí Mo Jó Bí Jẹ́nì

Dígí kan ṣoṣo ló wà nílé wa ní Ṣakí. Bàbá mi ló ni ín. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ojú fèrèsé ni wọ́n máa ń gbé e sí bí wọ́n bá fẹ́ fá irùngbọ̀n. Ojú mi nìkan ni mo mọ̀ nínú rẹ̀, ìdajì ojú náà ni nígbà mìíràn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí gbogbo ara mi lẹ́ẹ̀kan náà, láti orí dé ẹsẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n fi dígí bo ògiri rẹ̀ láti ìkángun kan dé èkejì. Mo rí ọmọbìnrin dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń wò mí. Mo sún sẹ́yìn kí n lè fún un lọ́nà. Òun náà sún sẹ́yìn.

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní Nàìjíríà nígbà náà. Àbúrò bàbá mi obìnrin, Àǹtí Sàfú, ló mú mi lọ. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó lọ sí Ìlú Òyìnbó. Wọn ò tíì bímọ, ni bàbá mi bá ní kí wọ́n mú mi dání, kí n lọ kàwé, kí n sì di ẹni tí wọ́n á máa rí bá sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti dé ibẹ̀ ni ẹnu mi ti pa dé. Bí tíṣà bá bi mí ní nǹkan, mo mọ ìdáhùn rẹ̀ ní Yorùbá. Kí n tó kó o dé ẹnu ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ti bi ẹlòmíràn. Wọ́n pe Àǹtí wá sílé ìwé, wọ́n ní bóyá etí mi di.

Otútù ibẹ̀ kì í ṣe ọyẹ́ tiwa. Ọyẹ́ Ṣakí a máa wá láàárọ̀, a la ètè ẹni, oòrùn a yọ, a sì bá tirẹ̀ lọ. Èyí wọlé, ó fìdí kalẹ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ pé ó yẹ kóun dìde.

Àǹtí máa ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, wọn ò sì fẹ́ kí n dá wà nílé. Obìnrin àgbàlagbà kan ń kọ́ àwọn ọmọdé níjó ní gbọ̀ngàn olójú dígí yẹn, lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà kan nítòsí ilé wa. Àǹtí bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n máa jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi dé. Báléè ni wọ́n ń pe ijó náà, orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni àwọn tó bá gbówọ́ nínú rẹ̀ ti ń jó o. Mo jókòó títí ìjókòó fi sú mi. Mo dìde, mo di igi tí wọ́n kàn mọ́ ògiri mú bí àwọn yòókù ti dì í mú, mo sì ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Ọwọ́ síbí, ẹsẹ̀ sọ́hùn-ún. Ìyẹn yé mi láìsí Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin náà wá bá mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ mi sókè, ó ń yí ọrùn ẹsẹ̀ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń yẹ iṣu wò lọ́jà.

Nígbà tí Àǹtí dé, obìnrin náà bi wọ́n pé, "Níbo lọmọ yìí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń nàró báyìí?"

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Omi ló máa ń pọn," ni wọ́n wí.

Obìnrin yẹn ló mú mi lọ sí ilé ìwé ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ fi ijó yìí jẹun. Wọ́n wò mí, wọ́n yí mi ká, wọ́n gbà mí. Ó wá ku kí Àǹtí sọ fún bàbá mi. Pósọ́fíìsì nìkan la ti lè bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà yẹn. A ó ti ránṣẹ́ ṣáájú, wọ́n á wọ agbádá, wọ́n á lọ jókòó síbẹ̀ dè wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ọmọ yín wọ ilé ìwé ńlá."

"Alihamudulilai. Ilé ìwé kí ni?"

Àǹtí wò mí. "Ijó ni, Ẹ̀gbọ́n."

Mo fi etí mọ́ fóònù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn.

"Sàfúrátù, ọmọ ni mo fún ọ pé kó o mú lọ kàwé. O wá ní ijó?"

"Wọ́n ń kọ́ ìṣirò níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ Faransé. Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yìí kì í sọ̀rọ̀ níbòmíràn. Ibẹ̀ nìkan ló ti ń rẹ́rìn-ín."

Bàbá ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi. "Ṣé o ń kírun?"

"Mò ń kírun, Bàbá."

"Ṣé aṣọ ń bo ara rẹ tó o bá ń jó?"

"Ìbọ̀sẹ̀ ló bo gbogbo ẹsẹ̀ mi, Bàbá."

Òótọ́ ni. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì gbé fóònù fún ìyá mi, tó jẹ́ pé igbe ni wọ́n máa ń ké sínú rẹ̀ kí ohùn wọn lè dé òkè òkun.

Ilé ìwé yẹn ni mo ti pàdé Jẹ́nì. Ọmọ ìlú kan tí wọ́n ti ń wa èédú ni, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ. Bó bá la ẹnu, àwọn ọmọ yòókù á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á máa sín in jẹ. Ó yà mí lẹ́nu. Mo mọ̀ pé ará Ìbàdàn máa ń fi ohùn àwa ará Òkè-Ògùn ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò mọ̀ pé Òyìnbó ń ṣe irú rẹ̀ fún Òyìnbó. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wá jókòó tì mí, ó ní, "Ìwọ kì í sọ̀rọ̀, èmi ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Jẹ́ ká jọ jókòó."

Bí ọ̀rẹ́ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo di irun rẹ̀ ní ṣùkú, ó sì fi jókòó nínú kíláàsì títí wọ́n fi ní kó lọ tú u. Ó kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì ìlú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo wá ń sọ̀rọ̀ níkẹyìn, bí ọmọ awakùsà ni mo ń sọ ọ́. Ibi ijó ni a ti ń bá ara wa jà. A ga bákan náà, a jọ máa ń di igi kan náà mú. Bí mo bá fò, á fẹ́ fò kọjá mi. Bó bá dúró lórí ìka ẹsẹ̀ kan, màá dúró títí òógùn á fi wọ̀ mí lójú. A kì í sọ ọ́ jáde. Bí ẹ̀kọ́ bá ti parí, a ó jọ jókòó sílẹ̀, a ó máa bá ara wa tú okùn bàtà.

Ọdún tí mo parí ilé ìwé náà, Àǹtí mú mi wá sílé fún ọdún Iléyá. Láti Ìsẹ́yìn ni mo ti ń yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀. Ọ̀nà pupa, igi emi lọ́tùn-ún lósì, agbo màlúù àwọn Fúlàní tó dí wa lọ́nà, àpáta tó ń yọ lókèèrè. Mo rò pé bí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ohun tó há mi láyà lókè òkun á tú. Mo sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ agboolé wo ìrìn mi, bí mo ṣe ń kọ orí ẹsẹ̀ méjèèjì síta, wọ́n sì tò tẹ̀ lé mi, gbogbo wọn ń rìn bẹ́ẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti sọ mí ní Pẹ́pẹ́yẹ. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo gbìyànjú láti rìn bí mo ti ń rìn tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò sì gbà.

Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìjió dé ni, níbi tí wọ́n ti máa ń ra ọjà tó ń ti ẹnubodè wọlé. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà. Wọ́n wo èékánná tó ti dúdú, wọ́n fọwọ́ kan ibi tó ti yi bíi pátákó.

"Irú ilé ìwé wo ló ń ṣe ẹsẹ̀ báyìí?"

"Ijó náà ni, Ìyá."

Wọ́n yíjú sí Àǹtí. "Eyínfúnjowó, ẹ ní ìṣirò ni wọ́n ń kọ́ ọ." Orúkọ tí ìyá mi fi ń pe Àǹtí láti ọjọ́ tí bàbá mi ti fẹ́ wọn wọlé nìyẹn. Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n bu òrí, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi lé itan, wọ́n sì ń fi pa á títí ó fi rọ̀.

Mo ti ronú nípa ọ̀sán ọjọ́ yẹn láìmọye ìgbà. Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń bi mí pé ibo ni mo ti wá. Ní Ṣakí, wọ́n ń bi mí pé ìgbà wo ni mo ń padà. Nínú gbogbo ayé, ẹni kan ṣoṣo ni kì í bi mí ní ìkankan nínú méjèèjì. Jẹ́nì ni.

Ẹgbẹ́ oníjó kan náà ló gba àwa méjèèjì síṣẹ́. Ẹgbẹ́ ńlá ni, àwọn ènìyàn a máa wọ aṣọ olówó iyebíye wá wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa jó ipò aṣáájú nínú eré tuntun kan, èmi àti Jẹ́nì ni wọ́n fi ń wé ara wa. A fi ìgbà pípẹ́ jọ kọ́ ijó náà. Wọ́n mú Jẹ́nì. Ọ̀gá wa pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó fún mi ní tíì, ó ní mo mọ ijó jó, kò sẹ́ni tó lè sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. "Ṣùgbọ́n bó o bá dúró láàárín àwọn yòókù," ó ní, "ojú àwọn ènìyàn ò ní kúrò lára rẹ." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń tuni nínú. Ọdún yẹn, mo jó ẹranko, mo jó iwin, mo jó gbogbo ohun tí wọ́n lè fi agọ̀ bò lójú.

Jẹ́nì sunkún nítorí mi. Mo gbà á gbọ́. Ẹ̀rù ti ń bà á nígbà náà, torí ó mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín oúnjẹ kù kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́ lójú afẹ́fẹ́. Nígbà tó yá, ápù kan ló ń jẹ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ní Òkè-Ògùn, a mọ ìgbà tí oúnjẹ máa ń wọ́n. Iṣu àtijọ́ ti tán, tuntun ò tíì ta. Ẹni tó bá rù nígbà yẹn, gbogbo agboolé ló mọ ohun tó rù ú, wọ́n á sì wá nǹkan fún un nínú ìwọ̀nba tó kù. Mi ò mọ orúkọ tí a lè pe ti ẹni tí abọ́ wà níwájú rẹ̀, tó ń wò ó bí ẹni ń wo ọ̀tá. Mo se ìrẹsì, mo gbé e lọ bá a. Ó sún un padà.

"Jẹ́nì, jọ̀ọ́, jẹ díẹ̀."

"O fẹ́ kí n sanra," ó ní, "kí wọ́n lè gba ipò náà fún ọ."

Mo gbé abọ́ mi, mo jáde. Ní ọjọ́ kejì, ó wá di igi mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ìgbà gbogbo, ó ní, "Má bínú." A jọ jó.

Ọdún tí àwọn ológun ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá nílé ni àwọn oníṣẹ́ fíìmù dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ wa. Ìtàn àwọn ọmọbìnrin méjì ni wọ́n fẹ́ yà, oníjó báléè ni wọ́n, ọ̀rẹ́ ni wọ́n, wọ́n sì ń du ipò kan ṣoṣo. Jẹ́nì rẹ́rìn-ín títí. "Ìtàn wa ni wọ́n fẹ́ fi ṣe fíìmù," ó ní, "wọn ò sì bi wá léèrè." Òṣèré tó ń ṣe aṣáájú nínú fíìmù náà rẹwà, ó mọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n kò mọ ijó. Wọ́n ń wá ẹni tó máa jó dípò rẹ̀, tí kámẹ́rà ò ní yà lójú. Ara Jẹ́nì bá tirẹ̀ mu. Wọ́n mú un.

Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣubú. Wọ́n ti ya ẹ̀yìn rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ tán, ó wá ku ẹsẹ̀. Ó fò, ó balẹ̀ dáadáa, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó wá jókòó sílẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni tó kàn rẹ̀. Kò dìde mọ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ni, pé ebi ti jẹ ẹ́ wọnú.

Olùdarí fíìmù náà wá bá mi kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wọ́n ti wo gbogbo wa, ó ní, ẹsẹ̀ mi nìkan ló dà bíi ti Jẹ́nì. Ìbọ̀sẹ̀ funfun máa bò ó, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé ọsibítù.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo bá a, aṣọ ìbora dé àgbọ̀n rẹ̀, ojú rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ.

"Wọ́n ní kí n wá parí ijó rẹ," ni mo wí.

"Ìwọ kẹ̀? Ṣé wọ́n á kùn ọ́ lẹ́fun ni?"

"Ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́. Bó o bá ní kí n má ṣe é, mi ò ní ṣe é."

Ó yíjú sí ògiri. "Bó ò bá ṣe é, wọ́n á mú ẹni tí ò mọ̀ mí. Ṣe é. Ṣùgbọ́n jó o bí èmi. Bó o bá fò ju bí mo ṣe máa ń fò lọ, màá mọ̀."

"Báwo lo ṣe máa mọ̀?"

"Màá mọ̀ ni."

Mo jó o bí òun. Mo mọ bó ṣe ń gbé gìgísẹ̀ kalẹ̀, bó ṣe máa ń yára díẹ̀ kó tó yí, ibi tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti máa ń gbọ̀n. Ijó aṣáájú tí mo ti ń fẹ́ jó láti kékeré ni, mo sì wá ń jó o níwájú kámẹ́rà tí kò gbọdọ̀ rí mi kọjá ìbàdí. Ibì kan wà tí mo ti lè dúró lórí ìka ẹsẹ̀ kan pẹ́ ju Jẹ́nì lọ. Gbogbo ara mi ló ń bẹ̀ mí pé kí n dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀ níbi tí òun ì bá ti sọ̀ kalẹ̀. Olùdarí náà pàtẹ́wọ́. Mo lọ sí ọsibítù láti lọ sọ fún Jẹ́nì, wọ́n ní ó ti kú láàárọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ohun tí mi ò lè ṣàlàyé bẹ̀rẹ̀. Ara mi kọ̀, kò padà di tèmi. Bí mo bá jó, mò ń yára díẹ̀ kí n tó yí. Ẹsẹ̀ òsì mi ń gbọ̀n níbi tí kò ti gbọ̀n rí. Bí mo bá di igi mú láàárọ̀, ibi tí Jẹ́nì máa ń gbé ọwọ́ sí á lọ́ wọ́ọ́rọ́, àárín èmi àti oníjó tó tẹ̀ lé mi á sì gba ẹnì kan. N kì í yíjú wo dígí níbẹ̀. Tíṣà wa, ẹni tí kì í fi ẹ̀dùn hàn, dá orin dúró ní ọjọ́ kan, ó funfun lójú. "Má jó bẹ́ẹ̀ mọ́," ó ní. "Jọ̀ọ́." Mi ò lè jó lọ́nà mìíràn. Ìdí tí mo fi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nìyẹn. Títí di òní tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé ní Ìsẹ́yìn, bí mo bá ń gun àkàsọ̀, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bá tèmi balẹ̀.

Lẹ́yìn ikú Jẹ́nì, nígbà tí mo ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Àǹtí rí i pé mi ò jẹun mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sílé, wọ́n ní kí ìyá mi lọ sí pósọ́fíìsì. Mo sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ mi kú.

"Kí ló pa á?"

"Ebi ni, Ìyá."

"Ebi? Ní Ìlú Òyìnbó?" Igbe tí wọ́n ń ké wọlẹ̀. Wọ́n wá bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé kò ní ìyá ni?"

"Ó ní."

"Ṣé o ti lọ kí i?"

"Mi ò tíì lọ."

"Lọ bá ìyá ọmọ náà. Jókòó tì í. Bó bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, kó o jẹ ẹ́. Ṣé o gbọ́?"

Mo wọ rélùwéè lọ sí ìlú tí wọ́n ti ń wa èédú. Ìyá Jẹ́nì jókòó síwájú mi nínú yàrá kékeré kan, ọwọ́ wọn bó nítorí ọṣẹ ilé ìfọṣọ. Wọ́n gbé ọ̀dùnkún àti ẹran kalẹ̀, mo jẹ ẹ́ tán. Wọn ò rí Jẹ́nì níbi tó ti ń jó rí, wọ́n ní, Lọ́ńdọ̀nù jìnnà, iṣẹ́ kì í fi wọ́n sílẹ̀. Láti ìgbà náà, mo máa ń lọ kí wọn. Nígbà tí fíìmù náà dé ilé sinimá ìlú wọn, wọ́n ní kí n wá bá wọn lọ, àwọn ò lè dá lọ.

Ọ̀sán ni, àwọn tó wá wò ó ò pọ̀. A jókòó sáàárín. Wọ́n fi báàgì wọn lé itan, wọn ò bọ́ kóòtù. Fíìmù náà lọ títí, àwọn ọmọbìnrin inú rẹ̀ jà, wọ́n parí ìjà, ijó náà wá dé. Mo rí ojú òṣèré yẹn. Mo rí ẹ̀yìn Jẹ́nì, egungun èjìká rẹ̀ méjèèjì tó yọ bí ìyẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ti gé e, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ débi pé ènìyàn kan ṣoṣo ló ń jó lójú ògiri yẹn, mi ò sì mọ ẹni náà.

"Èjìká rẹ̀ nìyẹn," ìyá Jẹ́nì wí. Wọ́n sọ ọ́ sókè, ẹnì kan níwájú sì yíjú wò wá. "Èmi ni mo wẹ èjìká yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ẹsẹ̀ náà tún yọ, ó gbéra, ó dúró lórí ìka. Wọ́n tẹ̀ síwájú lórí àga.

"Wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Áà, wo bó ṣe ń gbé e kalẹ̀. Òun náà nìyẹn, àbí òun kọ́?"

Mo wo ojú wọn nínú ìmọ́lẹ̀ fíìmù náà.

"Òun ni, Mà," ni mo wí.

Wọ́n mí kanlẹ̀, wọn ò sì gbójú kúrò lára ògiri. Wọ́n na ọwọ́ wọn sí mi láìwò mí, wọ́n gbé e lé orúnkún mi, wọ́n dì í mú. Nígbàkigbà tí ẹsẹ̀ tó wà lójú ògiri bá fò, ọwọ́ náà á le mọ́ mi. Mo jẹ́ kí orúnkún mi wà ní jẹ́ẹ́ lábẹ́ rẹ̀ títí ijó náà fi parí.